Ẹ Bi Màmá Físíò: Ṣé ká ta ilẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ stem cell?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn, èsì rẹ̀ náà á gùn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kó sáré lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ àga.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Físíò. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe nítòsí ọjà Atakúnmọ́sà níbí ní Iléṣà. Ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́rin. Táíwò ń sáré kiri. Kẹ́hìndé kò lè dá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, tí mo bá gbé e dúró, ẹsẹ̀ kan á kọjá lórí ìkejì. Lọ́jọ́ tí mo bí wọn, Táíwò wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kẹ́hìndé pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò ké, ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mí. Wọ́n ní cerebral palsy ni, CP. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ọmọ ejò ni, ká gbé e lọ sódò. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Ní báyìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti mú ìwé wá láti Èkó, ó ní àwọn dókítà kan lókè òkun ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́rẹ́ stem cell, pé á rìn. Owó tí wọ́n pè, àfi ká ta pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ wa méjèèjì. Ṣé òótọ́ ni abẹ́rẹ́ yìí? Ṣé wọn ò lè mú lára Táíwò fún Kẹ́hìndé? Mo ṣì ní ìwọ́ àwọn méjèèjì tó já, mo fi aṣọ funfun wé e sínú agolo mílíìkì. Ṣé ó lè wúlò?*
*— Ìyá Ìbejì, Iléṣà*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ọkùnrin tó lè wo ojú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ní ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọmọ òun lọ sódò, ó yẹ ká kí i. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni èmi náà, mo mọ̀ pé "ẹ má ṣe é" lásán kì í tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti agolo kúrò ńlẹ̀. Ìwọ́ tó ti gbẹ kò ní ohun alààyè kankan nínú mọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú okùn ìwọ́ àti ibi ọmọ ni àwọn oníwàádìí ń lò, torí inú rẹ̀ ni stem cell wà, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ ara tó kéré jù) tó ṣì lè bí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ní kété tí wọ́n bá gé okùn ni wọ́n ń fà á sínú àpò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú nitrogen olómi, níbi tí òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ tó ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ilẹ̀ ni ibi ọmọ ń lọ, ẹlòmíràn á gbin ọ̀pẹ lé e lórí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi pé wọn kò gbé e pamọ́. Ta ló sọ fún yín lọ́jọ́ náà?

Ohun tó fa ti Kẹ́hìndé, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́: ó pẹ́, kò sì ké. Ọmọ tí afẹ́fẹ́ kò tó lọ sí ọpọlọ rẹ̀ nígbà ìbí, ibi tó ń darí iṣan nínú ọpọlọ lè farapa, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní CP. Nínú ìbejì, ẹni tó gbẹ̀yìn ni ewu yìí máa ń pọ̀ fún jù. Kò sí ejò níbẹ̀. Láti ọdún 1861 ni dókítà ará Ìlú Ọba kan, William John Little, ti dìde sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní London, pé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn le báyìí, púpọ̀ nínú wọn ni ìbí wọn ṣòro, tàbí tí oṣù wọn kò pé, tàbí tí wọn kò tètè mí. Bí àwọn ará ilé bá tún dé, ẹ ka ibí yìí sí wọn létí. Ọgbẹ́ inú ọpọlọ yẹn kì í tàn sí i. Iṣan àti egungun tó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ibẹ̀ sì ni àwa físíò ti ń ṣiṣẹ́.

Ti pé kí wọ́n mú lára Táíwò, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, torí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ fún àìsàn mìíràn. Ẹ rántí stem cell tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun wa ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun fún wa lójoojúmọ́, irú rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́. Ní Paris lọ́dún 1988, Éliane Gluckman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àbúrò tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Níhìn-ín gan-an ní Nàìjíríà, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Benin fún ọmọ kan tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ní stem cell lọ́dún 2011. Nínú àìsàn ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ náà yéni: èyí tó bàjẹ́ á kúrò, èyí tó dára á wọlé.

Ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sí ọmọ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í lọ jókòó sínú orí kó di ọpọlọ tuntun. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń há sí, kì í sì í pẹ́ lára. Ohun tí àwọn oníwàádìí rò ni pé kó tó lọ, ó ń tú àwọn èròjà kan sílẹ̀ tó ń mú kí ara ọpọlọ tó ń gbóná rọlẹ̀, kí èyí tó ṣẹ́kù lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìrànwọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọpọlọ tuntun sí Kẹ́hìndé lórí, irọ́ ló ń pa. Ti Táíwò tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú: láàárín wa níbí, ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pọ̀ jù, irú wọn ò yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán, ara ìkíní lè má gba ti ìkejì.

Ṣé a wá rí i pé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí tí mo fara mọ́ jù nínú èyí tí mo kà ni ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, tí Jessica Sun, Joanne Kurtzberg àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Ọmọ 63 ni, láti ọmọ ọdún kan títí dé mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì jẹ́ pé òbí wọn ti gbé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ wọn pamọ́ láti ọjọ́ ìbí. Wọ́n fi ìbò pín wọn sọ́nà méjì. Apá kan gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ara rẹ̀, apá kejì gba omi tí kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀, nígbà tó di ọdún kejì wọ́n yí i padà kí gbogbo ọmọ lè rí méjèèjì gbà. Òbí kò mọ èyí tí ọmọ òun kọ́kọ́ gbà. Ẹni tó ń yẹ ọmọ wò náà kò mọ̀. Ohun tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n, gbogbo físíò tó ń tọ́jú ọmọdé ló mọ̀ ọ́n: iṣẹ́ 66 ni wọ́n ń ní kí ọmọ ṣe, láti orí yíyí ara padà lórí ẹní dé jíjókòó, rírá, dídúró, rírìn àti fífò.

Nígbà tí ọdún kan pé, ìyàtọ̀ kò sí láàárín apá méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, torí kò sí nínú ìwé tí ọ̀rẹ́ ọkọ yín mú wá. Ìgbà tí wọ́n wá tú èsì náà wò fínnífínní ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì wọn tó mílíọ̀nù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ṣe dáadáa ju bí wọ́n ti retí fún ọjọ́ orí wọn. Ìyẹn jẹ́ ìdí pàtàkì láti tún wádìí. Kò tíì sọ ọ́ di oògùn tí a ń ta ilẹ̀ rà.

Àwọn mìíràn ti ṣe tiwọn. Ní Kòríà, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 lo ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú erythropoietin, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, àwọn tó gba méjèèjì papọ̀ ló sì tẹ̀síwájú jù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n torí pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni, wọ́n ní láti fún wọn ní oògùn tó ń dín agbára àjẹsára kù, ẹ̀yin náà sì mọ bí ibà àti ikọ́ ṣe ń dúró de ọmọ lọ́dọ̀ wa níbí. Lọ́dún 2025, àwọn oníwàádìí kan tí olórí wọn wà ní Australia kó èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ. Ìrànwọ́ wà lóòótọ́, wọ́n ní. Àwọn tó hàn lára wọn jù ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí CP rẹ̀ kò le púpọ̀, tó ti ń rìn fúnra rẹ̀ tàbí tó ń fi ohun ìrìn rìn. Kẹ́hìndé tí kò tíì dá jókòó kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ yín kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ óò ní, ṣebí àwọn fídíò wà tí ọmọ ti ń dìde lẹ́yìn abẹ́rẹ́? Fídíò náà lè má jẹ́ irọ́. Lọ́dún 2002, Peter Rosenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì jáde lórí ọmọ 657 tó ní CP ní Ontario ní Kánádà, tí wọ́n tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ yóò lè fi ara rẹ̀ ṣe, ó máa ń ṣe é kó tó pé ọdún márùn-ún. Ti àwọn tó le jù tún máa ń tètè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó ní CP ń tẹ̀síwájú, abẹ́rẹ́ o, àìsí abẹ́rẹ́ o. Ẹni tó bá gún un lábẹ́rẹ́ lóṣù kìíní, tó tún ní kí wọ́n máa ṣe físíò lójoojúmọ́ (gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀), tó wá ká fídíò lóṣù kẹfà, kí la fẹ́ rí bí kò ṣe ìtẹ̀síwájú? Ìdí tí àwọn ti Duke fi fún apá kan ní omi lásán nìyẹn. Àwa ará Iléṣà gan-an kì í ṣe àjèjì sí irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild níbí ń wọn àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè tí ẹ̀yin ìyá ń gbé lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jáde.

Ewu náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ọmọkùnrin ará Ísírẹ́lì kan wà tí àìsàn ọpọlọ mìíràn ń ṣe, tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé lọ sí Moscow láti 2001 fún abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí wọ́n mú lára àwọn ọmọ inú oyún. Ní 2005, wọ́n rí kókó tó ń hù ní ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ kókó náà wò, kì í ṣe ara ọmọ náà ló ti wá, láti ara àwọn tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì náà ni. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ara ẹni kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n fẹ́ fún Kẹ́hìndé? Ìwé yẹn sọ ọ́ bí?

Torí náà, kí bàbá wọn bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ láwọn ìbéèrè yìí, kó sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi. Sẹ́ẹ̀lì ta ni, láti ibo lára rẹ̀? Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ ha wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ìwádìí tí gbogbo ayé lè wò? Ta ni yóò máa yẹ ọmọ wò lẹ́yìn ọdún kan, ta ló sì máa sanwó ìyẹn? Ìwádìí gidi kì í sábà gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń dán nǹkan wò lára. FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oògùn, kò tíì fọwọ́ sí stem cell kankan fún CP. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, ti àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún oníbàárà kí wọ́n tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gba owó. Àwọn wọ̀nyí, owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ náwó, ẹ náwó síbi tí Kẹ́hìndé yóò ti rí i. Ẹsẹ̀ tó ń kọjá lórí ara wọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín, torí ó lè yọ egungun ìbàdí kúrò ní ààyè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí ìrora á fi dé. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán X-ray ìbàdí rẹ̀, kí wọ́n sì máa yà á látìgbàdégbà. Ẹ bi dókítà bóyá baclofen tàbí oògùn mìíràn tó ń dẹ iṣan yẹ ẹ́. Tí gìrì bá ń mú un, ẹ má fi oògùn gìrì ṣeré, ẹ má sì dá a dúró torí pé ó ti pẹ́ tí kò mú un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹ gbé e jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó fún un lóúnjẹ, ẹ má ṣe fún un ní ìdùbúlẹ̀. Físíò wà ní Wesley Guild, ó wà ní ilé-ìwòsàn Ifẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ni bí ọmọ á ṣe lo ọwọ́ rẹ̀ láti jẹun àti láti wọṣọ náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Táíwò máa bá a ṣe é nílé. Ọmọ kì í kọ̀ tó bá jẹ́ ìbejì rẹ̀ ló ní kó na ọwọ́.

Àwọn kan á ní mo ń gbèjà oúnjẹ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì o, oúnjẹ ti tán níbẹ̀.

*Màmá, ẹ kú àárọ̀. Ìyàwó ọmọ mi ti fẹ́ bímọ. Ojú ọmọ tó bí tẹ́lẹ̀ pọ́n bí ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi ní oòrùn àárọ̀ ló wò ó sàn, pé bẹ́ẹ̀ náà la óò tún ṣe. Ẹnì kan ní ó lè fa CP. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*
*— Bàbá Àgbà, Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀*

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tí ojú àti ara ọmọ tuntun bá pọ́n kọjá ààlà, ohun tó ń pọ́n yẹn lè wọ ọpọlọ, ó sì wà lára ohun tó ń fa CP lọ́dọ̀ wa jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ a máa yí kiri fúnra rẹ̀, etí rẹ̀ sì lè di. Ẹ má dúró de oòrùn. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Lóòótọ́, àwọn oníwàádìí ti fi oòrùn tọ́jú ọmọ l'Ékòó (èsì rẹ̀ jáde ní 2015) àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu ni wọ́n gbé wọn sí, lójú nọ́ọ̀sì, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ sọ fún Màmá Àgbà kí wọ́n kó káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ kó tó dé. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD (wọ́n sì pọ̀ láàárín wa), òórùn káńfọ̀ lásán lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì pọ́n.

*Mo jẹ́ olùkọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọ kan tó ní CP wà ní kíláàsì mi, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó, ó ń yọ̀ ṣubú. Ilé ẹ̀kọ́ kò lówó àga òkèèrè. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ pe káfíńtà, ẹ gbé ọmọ náà wá kó wọ̀n ọ́n. Láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún ni gígùn ibi ìjókòó, kó dín díẹ̀ kó má bàa gún un. Láti abẹ́ orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni gíga rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ ilẹ̀ tàbí pákó. Ẹsẹ̀ tó bá ń fì ló ń mú kí gbogbo ara le. Kí ẹ̀yìn àga dúró ṣánṣán. Bẹ́líìtì á wà níbi ìbàdí, kì í ṣe àyà. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kọjá lórí ara wọn, kí káfíńtà kan igi kúkúrú kan sáàárín orúnkún méjèèjì, kó fi fóòmù àti aṣọ bò ó. Tábìlì iwájú rẹ̀, kó má ga ju ìgúnpá lọ. Kí ó fi ààyè sílẹ̀ láti gbé ìjókòó náà sókè sí i, torí ọmọ náà yóò dàgbà kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí.